Wáyà Díìṣì Lórí Àpáta Ọ̀kà

Ọjọ́ pẹ́ tí mo fi gun òpó tẹlifóònù káàkiri Ìkàrẹ́ kí wọ́n tó ti ilé iṣẹ́ wa pa. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá ti ní ẹ̀mú àti àkàbà ló ń pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní Ọ̀kà. Orí àpáta ló ń gbé, ilé ìgbẹ̀bí wà nísàlẹ̀, nẹ́tíwọọ̀kì kì í sì í wọ ibẹ̀. Ó wá fẹ́ tẹlifóònù oníwáyà, kí nọ́ọ̀sì lè máa pè é láti ìsàlẹ̀. Èmi àbúrò rẹ̀ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe iṣẹ́ yìí, kò pè mí. Ọjọ́ Sátidé kan tí mo lọ kí i ni mo bá ẹnjiníà rẹ̀ lórí àkàbà, bàtà rẹ̀ ń dán bíi ti ọkọ ìyàwó. Wáyà dúdú tí wọ́n fi ń so díìṣì mọ́ tẹlifíṣọ̀n ló gbé kọ́ èjìká.

Mo ní, "Ẹnjiníà, wáyà yẹn kọ́ la fi ń ṣe tẹlifóònù o."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, kóásíà nìyí. Ayé ti kọjá wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tiyín yẹn."

Mo ṣàlàyé fún un bí ẹni ń ṣàlàyé fún ewúrẹ́. Bàbà kan ṣoṣo ló wà láàárín kóásíà. Ike bò ó, àwọ̀n wáyà wẹ́wẹ́ sì yí ike náà ká. Ó dára fún àwòrán tó ń ti orí díìṣì bọ̀. Ti tẹlifóònù yàtọ̀: wáyà méjì tó dọ́gba ni, a lọ́ wọn mọ́ra láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ariwo tí iná mànàmáná bá kó sára ọ̀kan, yóò kó o sára èkejì bákan náà. Bí ariwo méjèèjì bá dé inú fóònù, wọ́n á pa ara wọn rẹ́, ohùn ènìyàn á kù.

"Bàbá, ẹ lọ sinmi," ni ìdáhùn rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi náà dá sí i: "Fi í sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ó kàwé."

Mo jókòó, mò ń wò ó. Ó na wáyà rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ wáyà iná. Nígbà tí kò tó, ó so òmíràn mọ́ ọn lábẹ́ òrùlé ilé ìgbẹ̀bí, ó sì fi téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ wé e. Mo rí i pé irun àwọ̀n wáyà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bàbà àárín. Bí omi bá wọ ibẹ̀ pẹ́nrẹ́n, fóònù á kú. Mo rí i, mo sì pa ẹnu mọ́. Mo fẹ́ kí ojú tì í.

Nígbà tí wọ́n dán an wò, fóònù ń kùn bí ilé oyin. Ẹnjiníà ní ohùn rẹ̀ á mọ́ tó bá yá. Wọ́n fún un ní iyán, èmi náà jẹ nínú rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, mo wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi lọ́sàn-án, òjò ń rọ̀, ni nọ́ọ̀sì bá já wọlé. Orúnkún rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó ti ṣubú lórí àpáta.

"Màmá, mo pè yín títí! Ẹsẹ̀ ni ọmọ fi ń bọ̀!"

A sọ̀ kalẹ̀ nínú òjò. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé, èmi dúró lábẹ́ òrùlé, mò ń gbọ́ igbe obìnrin tó ń rọbí. Mo na ọwọ́ sókè, mo tú téèpù yẹn. Omi ṣàn jáde. Irun wáyà ti lẹ̀ mọ́ bàbà gẹ́lẹ́ níbi tí mo rò. N kò yọ̀. Ọmọ ti jáde, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó pẹ́ gan-an kó tó ké.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi jáde wá fọ ọwọ́, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo rí i lọ́jọ́ tí ẹnjiníà so wáyà yẹn pé kò dáa."

"O rí i?"

"Mo rí i."

"O wá jókòó, o ń jẹ iyán?" Ó wò mí bí mo ṣe máa ń wo ẹnjiníà rẹ̀. "Lọ gbé wáyà rẹ wá."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé wáyà alọ́mọ́ra mi wá láti Ìkàrẹ́. Mo nà án jìnnà sí wáyà iná, n kò sì so òmíràn mọ́ ọn níbì kankan láàárín ọ̀nà. Mo gbé fóònù nísàlẹ̀, mo pe ẹ̀gbọ́n mi lókè. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara bí ẹni pé ó dúró tì mí.

"Ẹ ń gbọ́ mi, ẹ̀gbọ́n?"

"Mo gbọ́. Gbé àkàbà rẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, àwọn aboyún ń bọ̀."