Ọjọ́ Tí Ọkọ Mi Ò Lè Kíni Tán

Bí ẹ bá ń kánjú, ẹ má bá ọkọ mi jáde. Ní àdúgbò wa ní Ìlódè, kò sí ẹni tí kò ní kí: ẹni tó jókòó, ẹ kú ìjókòó, ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹni tó ń sáré kọjá, yóò kí i títí yóò fi dúró. Èmi tí ara mi kì í gba ìdúró, mo máa ń pòṣé lẹ́yìn rẹ̀ ni.

Nígbà tí ọdún Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, a jọ lọ ra àgbò ní Sábó. Ó tẹríba, ó ń kí àwọn àgbà tó jókòó ti ẹran wọn. Àgbò kan rí orí tó wálẹ̀, ó rò pé ìjà ni wọ́n fi lọ òun. Ó kàn án ní ìhà, gbì! Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín, ó sì ra àgbò náà. Ó ní akọni ni. Nínú ọkọ̀, kò sọ̀rọ̀ rárá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

A bá ìyá rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Ẹ kú…” Ó mí. “Ẹ kú ilé…” Ó tún mí, ó sì jókòó.

Ìyá fajú ro. “Ṣé èmi lò ń kí báyẹn? Ìyàwó, kí lo fi ṣe é lọ́nà?”

Mo ròyìn àgbò. Kíá, Ìyá ti gbé omi gbígbóná, òrí àti ọ̀já jáde, ó fẹ́ ra àyà náà kó sì dì í pinpin. Àmọ́ mo rí i pé òsì àyà ọkọ mi ń gbéra bó ṣe ń mí, ọ̀tún ò mira. Òógùn bò ó. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dì í o. Ọmọ yín ò bínú, èémí ni ò tó o!”

Ní ilé ìwòsàn, dókítà gbọ́ àyà rẹ̀. Kò gbọ́ mímí kankan lọ́tùn-ún. Ó ní egungun ìhà tó dá ti gún ẹ̀dọ̀fóró, afẹ́fẹ́ tó ń jò ti kún inú àyà, ó sì ti fún ẹ̀dọ̀fóró náà pọ̀. Ká ní a dì í ni, mímí ì bá tún le sí i. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó mọ ìrora, wọ́n ti rọ́bà tín-ínrín bọ ìhà rẹ̀, wọ́n ki ẹnu kejì sínú ìgò omi. Omi náà ń hó bí omi ọkà. Ojú ọkọ mi là.

Nígbà tí wọ́n ní kó máa rìn díẹ̀díẹ̀, ó gbé ìgò dání, ó ń kí àwọn aláìsàn láti ibùsùn dé ibùsùn. Nọ́ọ̀sì ń pariwo: “Bàbá, ẹ má gbé ìgò ga ju àyà lọ o!” Ó kọjú sí ìyá rẹ̀: “Ẹ kú ìdúró, ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ewu ọmọ!” Kò mí láàárín.

Ìyá bú sẹ́kún. Èmi náà ń nu ojú mi. Mo fọwọ́ tọ́ ọkọ mi léjìká.

“Dádì, ẹ ò tíì kí ẹni tó wà nídìí fèrèsé yẹn.”