Ìparí Géèmù Tí Bàbá Páàdì Gé Sọnù

Bí páàdì géèmù bá yarí, bóyá bọ́tìnì ló rì tàbí wáyà ló já nínú, Bàbá Páàdì ni gbogbo àdúgbò ń gbé e lọ bá. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kéré débi pé èèyàn mẹ́ta kò lè jókòó síbẹ̀ kí wọ́n má gbún ara wọn nígbọ̀nwọ́. Ó tún ní ìkànnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tó ti ń fi fídíò kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ ṣe. Iṣẹ́ gidi nìyẹn. Èyí tí kò dáa, inú dúrọ́ọ̀ ló wà: ó ń da géèmù olóhun kọ sínú sídì, ó sì ń tà á ní ẹ̀dínwó.

Ẹ má tíì bú u o. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, abẹ́ tábìlì ṣọ́ọ̀bù yẹn ni ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ti dàgbà, òun ló sì máa ń dán ẹ̀rọ tí bàbá bá tún ṣe wò. Ọmọ náà ló wá di ẹni tó ń ṣe géèmù ní ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú mìíràn. Ọjọ́ tó gba iṣẹ́ ló bẹ bàbá rẹ̀ pé kó jáwọ́ nínú ayédèrú. Bàbá ní òun ti jáwọ́. Irọ́ funfun báláú.

Àwọn tó ń da géèmù kọ ní àṣà kan. Bí géèmù bá tóbi ju sídì lọ, ìparí rẹ̀ ni wọ́n ń gé, níbi tí orúkọ àwọn tó ṣe é ti máa ń kọjá. Wọ́n á ní, “Ta ló ń ka orúkọ?” Bàbá Páàdì ti gé géèmù tuntun kan, ó ti ń tà á, kí ọmọ rẹ̀ tó pè é lórí fóònù pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Ó sáré ki sídì tirẹ̀ bọ ẹ̀rọ, ó gbá a dé òpin. Bó ṣe pa ọ̀tá tó kẹ́yìn, ojú tẹlifíṣàn ṣókùnkùn.

Ọmọ náà tún pè é. “Bàbá mi, ṣé ẹ rí orúkọ mi?”

“Mo rí i, ìyá mi. Omi bọ́ lójú mi.”

Omi bọ́ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ti ayọ̀. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé òun á ra ojúlówó lọ́la. Ọ̀la di ọ̀túnla.

Ìgbà tó yá, àwọn aṣòfin fẹ́ ṣe òfin tó máa dẹ́kun jíjí iṣẹ́ oníṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì pe ará ìlú sí gbọ̀ngàn kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn. Bàbá Páàdì lọ nítorí ìkànnì rẹ̀, torí òfin náà ní wọ́n lè ti ìkànnì tí ẹnikẹ́ni bá fẹjọ́ rẹ̀ sùn pa. Ilé-iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ rán òun náà wá.

Bàbá ló kọ́kọ́ gba màíkì. “Ẹnì kan ṣoṣo á fẹjọ́ sùn, ẹ̀ á sì ti ìkànnì mi pa kí n tó la ẹnu? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni o!” Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ náà pàtẹ́wọ́.

Ló bá kan ọmọ. “Òótọ́ ni bàbá mi sọ, ẹ tún ibẹ̀ yẹn ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má fi wá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ayédèrú ti fẹ́ gbé ilé-iṣẹ́ wa ṣubú. Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Ọjọ́ tiwa dà? Wọ́n tiẹ̀ ń gé orúkọ wa sọnù. Bàbá mi nìkan ló sọ fún mi pé òun rí tèmi.” Ó yíjú sí i, ó ń rẹ́rìn-ín. “Bàbá mi, ẹ bá mi sọ fún wọn. Kí ni mo kọ sábẹ́ orúkọ mi?”

Gbogbo ojú yí sí Bàbá Páàdì. Ìtìjú bò ó. Ó lè méfò, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo ọmọ tó dàgbà sábẹ́ tábìlì rẹ̀, tó ń retí ìdáhùn, irọ́ míì ò ṣeé pa mọ́. Ó dìde.

“Mi ò mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo gé e.”

Gbọ̀ngàn dàrú. Alága ìpàdé ń gbá tábìlì. Ọmọ náà kò pariwo. Ẹ̀rín yẹn ṣì wà lójú rẹ̀ díẹ̀ kó tó parẹ́.

“Ẹ̀yin ni mo kọ síbẹ̀,” ló wí. “‘Fún Bàbá Páàdì, ẹni tó kọ́kọ́ fi géèmù lé mi lọ́wọ́.’”

Ó lọ jókòó. Alága bi Bàbá Páàdì bóyá ó ṣì ní ohun tó fẹ́ sọ lórí òfin náà. Ó ní rárá. Ọmọ rẹ̀ kò wojú rẹ̀, àmọ́ ó gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá lọ jókòó síbẹ̀.