Nígbà Tí Iṣẹ́ Ń Wá Ènìyàn Wá Sílé

Ìró ọ̀kadà ló jí mi láàárọ̀ yìí, bó ti ń jí mi lójoojúmọ́ ní Òkè-Ìlá. Káyọ̀dé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ló ń jáde lọ gbé èrò ní àdúgbò Adébáyọ̀. Yunifásítì ló lọ, ó gboyè nínú kẹ́mísítìrì. Bí mo bá ti gbọ́ ìró yẹn, ọkàn mi a padà sí ọjọ́ tí ìyá rẹ̀, Àǹtí Dúpẹ́, parí ẹ̀kọ́.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní kò ní gbà mí gbọ́. Àǹtí Dúpẹ́ kò tíì tú ẹrù tí wọ́n gbé dé láti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tísà tí ọ̀gá ilé-ìwé kan fi gun kẹ̀kẹ́ dé àgbàlá wa, tí eruku pupa bò ó dé ìpéǹpéjú. Ó wá bẹ bàbá wa kí wọ́n jẹ́ kí Àǹtí wá kọ́ àwọn ọmọ abúlé òun. Bàbá wa, àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé, fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n ń ṣe fáàrí bí ẹni tó fẹ́ fọmọ fọ́kọ: "Ṣé omi wà níbẹ̀? Ṣé ilé tí á gbé kì í jò?" Nígbà tí àlejò lọ tán, wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Uṣẹ́ ò wọ́n. Ọmọ mi ni kò pọ̀."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pe àwọn ọ̀dọ́ sí gbọ̀ngàn ìjọ wa. Ọkùnrin ńlá kan, ẹgbẹ́ Àǹtí lọ́jọ́ orí, gba máìkì. Ó ní ọ̀lẹ ni àwọn ọ̀dọ́ Èkìtì, pé ìwé wọn ti pọ̀ jù, kí wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Ó kó ẹ̀rọ ìgẹrun dání láti pín fún wọn. Káyọ̀dé, tó ti ń gun ọ̀kadà láti ìdájí, dorí kodò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Mo dìde. "Ẹ̀yin alàgbà, nígbà tí ẹ kàwé tán, ta ló gbé ẹ̀rọ ìgẹrun lé yín lọ́wọ́? Ṣebí ilé ni iṣẹ́ wá bá yín! Ẹ jẹun yó tán, ẹ wá fọ́ ìkòkò!"

Káyọ̀dé fa aṣọ mi: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó." N kò jókòó. Mo bínú jáde, ó sì tẹ̀ lé mi.

"Iṣẹ́ ọwọ́ ò burú, Mọ́mì," ó wí lójú ọ̀nà. "Ṣùgbọ́n èmi fẹ́ kọ́ni. Ilé-ìwé tí ìyá mi ti fẹ̀yìn tì, kò sí tísà kẹ́mísítìrì kankan níbẹ̀ báyìí."

Ẹ gbọ́ nǹkan! Àwọn ọmọ jókòó láìní olùkọ́, olùkọ́ ń gbé èrò kiri, ìjọba sì ní ká mú sùúrù. Iṣẹ́ kì í wá ẹnikẹ́ni wálé mọ́. Síbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ wa ṣì ń ta iṣu rán ọmọ nílé-ìwé, ìgbàgbọ́ yẹn kò kú.

Bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Ìsinmi, Àǹtí Dúpẹ́ á lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun Káyọ̀dé, wọ́n á fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Bóyá wọ́n á pè é síṣẹ́ tísà lọ́la." Ìta ni mo máa ń jáde sí, kí n má baà sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tí yóò pè é.