Iná Pupa Tí Bàbá Àfáà Pè Ní Búútà

Nígbà tí mo kéré, tí orí mi kò tíì ga ju fèrèsé ọkọ̀ bàbá mi lọ, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà ní agboolé wa ní Ìwó. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, nígbà tí Ìwó ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹ ó rántí pé ọkọ̀ ẹnì kan, ọkọ̀ gbogbo ilé ni. Àwa ọmọ la máa ń fọ̀ ọ́ ní òwúrọ̀ Jímọ́ọ̀, tí a ó fi kàn-ìn-kàn-ìn bó táyà rẹ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Ẹni tó bá tẹ họ́ọ̀nù rẹ̀ láìgbàṣẹ, ìkúnlẹ̀ nínú oòrùn ni, ọwọ́ méjèèjì lókè. Mo mọ ìkúnlẹ̀ yẹn dáadáa, nítorí dídùn họ́ọ̀nù náà ju ìyà rẹ̀ lọ.

Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ń lọ sí Mẹ́kà. Ojú wọn ti ń ṣú. Wọ́n ṣì mọ ẹni tó bá dúró níwájú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń fọwọ́ tá ògiri wá ìgbálẹ̀, ìrẹsì tí wọ́n bá sì ṣà, a máa tún un ṣà lẹ́yìn wọn ni. Dókítà kò fi bò fún wọn: kò ní pẹ́ tí ojú náà yóò fi kú pátápátá. Láti ọjọ́ náà, àdúrà kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu Ìyá àgbà, kí Ọlọ́hun jẹ́ kí àwọn fi ojú ara àwọn rí Káába kí ilẹ̀ tó ṣú. Bàbá mi, tó ń ra kòkó kiri àwọn oko Kuta àti Olúpọ̀nnà, sáré sókè sódò títí orúkọ Ìyá àgbà fi jáde lára àwọn onímẹ́kà.

Ó di òwúrọ̀ ọjọ́ ìrìn-àjò. Kí ìrun Àlàsárì tó kò, Ìyá àgbà gbọ́dọ̀ ti dé ibùdó àwọn onímẹ́kà ní Ìbàdàn, nítorí bọ́ọ̀sì tó ń gbé wọn lọ sí pápákọ̀ òfuurufú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Òórùn ẹran díndín àti àkàrà gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti di gààrí àti kúlíkúlí sínú agolo. Ìyá àgbà wọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Bàbá mi bọ́ sídìí ọkọ̀, wọ́n ṣáná sí i.

Iná pupa kékeré kan wà níwájú awakọ̀ tó máa ń tàn bí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́, tó sì máa ń kú bí ẹ́ńjìnnì bá ti dún. Lọ́jọ́ náà, kò kú. Bàbá mi pa ọkọ̀, wọ́n tún ṣáná, ó tún ranjú mọ́ wọn. Ojú wọn yí padà. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n ra ọkọ̀ náà, ẹni tó kọ́ wọn ní wíwà kò sì kọ́ wọn ní iná.

Bàbá Àfáà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń kọ́ wa ní kéú, tẹ orí bọ fèrèsé, wọ́n wo iná náà títí. Àwòrán wà lára rẹ̀: ohun kékeré kan tó ní ọwọ́, tó ní ẹnu gígùn, tí ẹ̀kán kan sì ń kán lẹ́nu rẹ̀. Bàbá Àfáà na ara, wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Búútà ni! Ṣé ẹ ò rí i ni? Ọkọ̀ yìí ń béèrè omi.”

Gbogbo wa wò ó, búútà ni lóòótọ́. Nílé Mùsùlùmí, kí ló tún ní ọwọ́, tó ní ẹnu gígùn, tí omi ń kán lẹ́nu rẹ̀, bí kò ṣe búútà tí a fi ń ṣe àlùwàlá? Wọ́n ní ká sáré pọnmi wá. Bàbá mi ṣí ojú omi ọkọ̀, ó kún tẹ́lẹ̀, wọ́n ṣáà rọ sí i títí ó fi ń ṣàn sílẹ̀. Iná kò kú. Bàbá Àfáà rí ike kékeré mìíràn, èyí tó ń fọmi sí gíláàsì, wọ́n ní bóyá ibẹ̀ ló ń wí. A bu omi síbẹ̀ náà. Iná pupa náà ń wò wá.

Oòrùn ti ń mú. Ẹnì kan sáré lọ sí gáréèjì, ó padà wá sọ pé kò sí ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ ti kó èrò lọ. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo wo Ìyá àgbà nínú ọkọ̀. A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá fẹ́ atẹ́gùn, wọ́n kọ̀.

“Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀, n ò ní wọ̀ ọ́ mọ́,” ni wọ́n wí.

Bàbá mi gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì dé gbàà. “Ká máa lọ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́hun á mú wa débẹ̀.”

Ìgbà yẹn ni ìyá mi kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀. Télọ̀ ni ìyá mi, wọn kì í sì í dá sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀.

“Bàbá Ṣìfáwù,” ni wọ́n wí, orúkọ mi ni wọ́n fi ń pe bàbá mi, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ. Nǹkan yẹn ò jọ búútà lójú mi.”

“O ti wá di mẹkáníìkì?” ni bàbá mi fi dá wọn lóhùn.

Ìyá àgbà pe bàbá mi láti ẹ̀yìn ọkọ̀. “Bùràímọ̀, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Jẹ́ kí ìyàwó mi sọ tẹnu ẹ̀.”

Ìyá mi wọlé, wọ́n mú agolo kékeré tí wọ́n fi ń kán òróró sí máṣíìnì ìránṣọ jáde, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná pupa náà. Ọwọ́ kan náà, ẹnu gígùn kan náà, ẹ̀kán náà sì rèé lẹ́nu rẹ̀. Bàbá Àfáà wúkọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

“Òróró ló ń wá,” ni ìyá mi wí. “Bí máṣíìnì mi ò bá rí òróró, ṣe ló máa ń gan.”

Bàbá mi tún bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣí, wọ́n fa irin tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì jáde. Gbígbẹ ni. Wọ́n wọ abẹ́ ọkọ̀ tàwọn ti agbádá funfun, a sì gbọ́ tí wọ́n ké. Iyanrìn ibẹ̀ ti dúdú. Ọ́ìlì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ lánàá nítorí ìrìn-àjò yìí ti kán tán ní gbogbo òru, nítorí ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀ kò fún nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ le. Ká ní wọ́n wà á lọ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ́ńjìnnì ìbá gan mọ́ ojú ọ̀nà Ìbàdàn, nínú igbó, pẹ̀lú Ìyá àgbà lẹ́yìn.

Wọ́n fi sípánà fún nọ́ọ̀tì náà le. Aládùúgbò wa tó ní ẹ̀rọ ìlọta gbé gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì tirẹ̀ wá, wọ́n sì dà á sínú ẹ́ńjìnnì. Bàbá mi yí kọ́kọ́rọ́. Iná pupa tàn. Ẹ́ńjìnnì dún. Mo di aṣọ ìyá mi mú. Iná náà mì lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Ariwo “Àlàáhù Àkíbárù” tí a pa lé adìẹ kúrò nílẹ̀. Bọ́ọ̀sì ti ń ṣáná nígbà tí wọ́n dé Ìbàdàn, bàbá mi ló gbé ìyá wọn pọ̀n sáré débẹ̀.

Ìyá àgbà lọ, wọ́n bọ̀. Ọyẹ́ tó tẹ̀lé e ni ojú wọn kú pátápátá, wọn kò sì ráhùn lọ́jọ́ kan. Wọ́n á ní ká jókòó tì wọ́n, wọ́n á máa sọ bí aṣọ ara Káába ṣe dúdú tó àti bí wúrà ṣe ń dán lára rẹ̀, bí ẹni tó ṣì ń wò ó.

Ayé ti yí. Iná ọkọ̀ tèmi láwọ̀ ọsàn, àwòrán ẹ́ńjìnnì ló wà lára rẹ̀. Bó bá tàn, ọmọ mi á ki nǹkan kékeré kan bọ abẹ́ sítiárìn, fóònù rẹ̀ á sì sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ kí n tó wọ bàtà jáde. Mo dúpẹ́, ó dára. Kò sẹ́ni tó ń pọnmi, kò sẹ́ni tó ń kúnlẹ̀. Orí fóònù yẹn kan náà la ti ń wo Káába láti Mẹ́kà, tọ̀sán-tòru, tí àwọn èèyàn ń rọ́ yí i ká. Ọmọ mi á fi àtàǹpàkò sún un kọjá lọ sórí bọ́ọ̀lù. Mo máa ń di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní kó dúró díẹ̀, kó jẹ́ kí n wò ó tẹ́rùn.