Fáìlì Kan Ṣoṣo Tí Ẹ̀gbọ́n Teng-fa Fi Sílẹ̀

Ọjọ́ tí gbogbo ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ wa ní Tainan daṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, olóògbé Hsiao Teng-fa ló fà á. Ìpanu ló sì fi fà á.

Tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì là ń tà fún àwọn tó ń relé lọ ṣọdún. Nílùú wa, ẹ̀rọ tí a kò bá gbé àpò ìpanu aláwọ̀ ewé lé lórí á ṣorí kunkun, aláwọ̀ mìíràn á sì dá a dúró pátápátá. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sára àpò náà pé ìpanu inú rẹ̀ á bàjẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá. Gbogbo wa la kàwé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó láyà láti gbé e kúrò.

Teng-fa ló ń kọ àṣẹ tí àwọn ẹ̀rọ fi ń to ara wọn. Kì í kọ àṣẹ kan lẹ́ẹ̀mejì. Fáìlì kan ló ní, òun ni gbogbo ẹ̀rọ ń pè bí iṣẹ́ bá dé. Inú rẹ̀ ló kọ ọ́ sí pé bí ọjọ́ ìpanu bá kọjá, kí ẹ̀rọ má ṣiṣẹ́. Òun náà ló wá gbàgbé láti ra òmíràn.

“Ẹ̀gbọ́n, èrò ń bú wa o! Ẹ pa ìlà yẹn rẹ́!” Ruan Shu-o, ọ̀gá wa, ló figbe ta.

“Kí n máa parọ́ fún ẹ̀rọ? Èèwọ̀, Ọ̀gá.”

Ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ìsọ̀, ó sì pè wá lórí fóònù. “Aláwọ̀ ìyeyè ló kù o.”

“Ẹ má gbé e wọlé!” Ohùn kan ni gbogbo àwa ọ̀mọ̀wé fi ké e.

Orí ẹ̀rọ àwọn tí a jọ ń du oníbàárà ló ti lọ tọrọ aláwọ̀ ewé. Ó tẹ ọjọ́ tuntun sínú fáìlì, gbogbo ẹ̀rọ wa sì dìde lẹ́ẹ̀kan. Kílẹ̀ tó ṣú, tiwọn ti dákú.

“Fáìlì yìí á pa wá,” ni Ruan wí. “Kí oníkálukú kọ tirẹ̀.”

“Ibi kan ni mo ti bà á jẹ́, ibi kan náà ni mo ti tún un ṣe.”

Ruan kò gbọ́. A kọ tiwa, oníkálukú sì fi aago sí bó ṣe wù ú. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ wa kan fi ta tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì tó ti lọ lánàá fún bàbá kan.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n,” ni Teng-fa wí. “Ṣé kí bàbá yẹn máa sáré tẹ̀ lé e ni?”

Ruan dá fáìlì rẹ̀ padà. “Ṣùgbọ́n ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kú, màá pa á rẹ́.”

“Ẹ jẹ́ n kú ná.”

Ó kú lóòótọ́, nígbà ìjì. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀rọ tuntun kan dé. Ruan ní òun á lo fáìlì náà fún un, pé ìyẹn ni ìgbà ìkẹyìn. Kò sẹ́ni nínú wa tó tíì kà á délẹ̀ rí, àwa tá a ń lò ó lójoojúmọ́. Bí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ń parí, orúkọ tí Teng-fa sọ ọ́ ń hàn lójú ẹ̀rọ:

“Rọra jí, ọmọ mi.”

“Aago rẹ rèé. Má ṣe bíi tàwọn ọ̀jọ̀gbọ́n.”

A bú sẹ́rìn-ín.

“Ṣílẹ̀kùn fún èrò, ilé ni wọ́n ń lọ.”

“Ó tó. Bá mi kí wọn.”

Ẹ̀rín tán lẹ́nu wa. Ruan jókòó síbẹ̀, ó ń wo ìlà náà.

“Ẹ pè é fún àwọn ẹ̀rọ tó kù,” ló wí.

Àwọn ẹ̀rọ tó kù ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, wọn kò nílò rẹ̀. A pè é.