Èsì Kan Náà Lọ́wọ́ Ọmọ Méjìdínlógójì

Ọdún mọ́kàndínlógún ni àbúrò ìyá mi ti fi kọ́ kíláàsì kẹfà nílé-ìwé kan ṣoṣo. Ẹ̀wù iṣẹ́ márùn-ún ló ní, ó ń wọ̀ wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, débi pé ẹni tó bá gbàgbé ọjọ́ lè wo ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ kó mọ̀ pé Ọjọ́rú ni. Kì í pẹ́, kì í jókòó nígbà tó bá ń kọ́ni. Àwọn ọmọ bẹ̀rù rẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ní láyé kò ju kíláàsì yẹn, ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà, àti ilé oníyàrá mẹ́ta tí èmi ń gbé yàrá ẹ̀yìn nínú rẹ̀. Ní sáà kejì ọdún tó kọjá, a fẹ́ gba kíláàsì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní "a" nítorí pé ọwọ́ mi ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà.

Mo ti jáde yunifásítì fún ọdún méjì, mo sì ti kọ ìwé wá iṣẹ́ títí ọwọ́ fi ń ro mí. Òun ló bá ọ̀gá ilé-ìwé sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi fún mi ní kíláàsì kẹrin. Àwọn olùkọ́ tó kù ń pè mí ní Gírájúéètì. Kò sí ọ̀wọ̀ kankan nínú orúkọ náà.

Nílé-ìwé wa, olùkọ́ kì í máàkì ìdánwò kíláàsì ara rẹ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ń kọ ìbéèrè ìṣirò kíláàsì kẹfà, tí á tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, tí á sì fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn. Lójú tirẹ̀, gbogbo olùkọ́ ni olè, àfi èyí tí kò tíì ráyè. Èmi ló gbé ìwé àwọn ọmọ náà fún.

"Gírájúéètì, o ò lójú àánú. Bá mi máàkì í."

Ìbéèrè keje ní kí wọ́n kọ ìdá mẹ́jọ, ìyẹn ẹyọ kan nínú mẹ́jọ, ní dẹ́símà. Èsì rẹ̀ ni 0.125. Nínú ọmọ mọ́kànlélógójì, ẹnì kankan kò gbà á. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu. Ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n á kọ 0.8, òmíràn á kọ 1.8, kálukú á ṣì í bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n ọmọ méjìdínlógójì kọ ohun kan náà: 0.12½. Kì í ṣe ìdá, kì í ṣe dẹ́símà, ó dà bí ẹran tó ní orí ewúrẹ́ àti ìrù ajá. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Òtítọ́ lè jọra lọ́wọ́ ogójì ènìyàn. Àṣìṣe kì í jọra bẹ́ẹ̀, àfi tí ẹnu kan bá ti sọ ọ́ sí etí púpọ̀.

Mo wá wo ìwé ìbéèrè tí wọ́n dá padà. Ojú kíká wà lára èyí tó pọ̀ jù nínú wọn: wọ́n ká ìwé sí méjì, wọ́n tún un ká, wọ́n tún un ká. Mo rò pé àmì ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì.

"Ọ̀gá, ẹ wo nọ́ńbà keje."

Ó wo ìwé kan, ó wo ìkejì, ó wo ìkẹwàá. Ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ta ló gba kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ mi pé òun fẹ́ mú ṣọ́ọ̀kì?"

Mo mọ̀ ọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ìwé náà jọ.

"Ṣé o ya odi ni?"

"Àǹtí mi ni, sà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àwọn ló sọ èsì fún àwọn ọmọ, ṣé èyí tí kò tọ́ ni wọ́n á sọ?"

"Olè tó ń sáré ló ń jí bàtà ẹsẹ̀ kan," ó ní.

Ó kọ̀wé sí alábẹ̀wò ilé-ìwé lójú mi. Bí wọ́n bá fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀, wọ́n á yọ obìnrin náà níṣẹ́, orúkọ rẹ̀ á sì bàjẹ́ lọ́dọ̀ gbogbo òbí tí ó ti bá kọ́ ọmọ. Títí alábẹ̀wò á fi dé, kò gbọ́dọ̀ wọ kíláàsì. Wọ́n mú un jókòó sí yàrá olùkọ́, ó ń gbọ́ ariwo àwọn ọmọ rẹ̀ láti òdìkejì ògiri. Olùkọ́ kíláàsì kejì, tí wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan láti ọjọ́ pípẹ́, gbé báàgì rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Bí àǹtí mi bá kọjá, àwọn mìíràn á fi ọwọ́ bo ìwé tó wà níwájú wọn. Ìwé orúkọ ọmọ lásán ni wọ́n ń bò.

Nílé, ọkọ rẹ̀ pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

"Ọmọ wa, kí ló ṣẹlẹ̀ níléèwé yín? Ìyàwó mi ń fọ abọ́ tó ti mọ́."

"Wọ́n ń wádìí nǹkan kan ni, sà."

"Wádìí ta ni? Nínú ilé yìí, èmi ni olè. Èmi ni mò ń jí ẹran nínú ìkòkò. Ẹni yẹn? Tó bá rí ẹran nílẹ̀, á ní ta ni ẹran yìí já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀!"

Ó pariwo rẹ̀ kí obìnrin náà lè gbọ́ kó rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí àǹtí mi wọ ilé ìwẹ̀, mo ṣí báàgì rẹ̀. Mo bá ìdì ìwé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ nínú rẹ̀, tí wọ́n gé láti etí ìwé ìròyìn, níbi tí ọ̀rọ̀ kì í dé. Wọ́n ju ọgọ́ta lọ, wọ́n sì fi òwú dì wọ́n. Wọ́n ti ká ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì gérégé. Mo gbé wọn sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, mo yí wọn lójú, mo yí wọn lẹ́yìn. Lẹ́tà kan kò sí níbẹ̀. Ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ìfura bá ti wọ̀ lára, tí kò bá rí nǹkan, á ní wọ́n fi í pamọ́ ni.

Ní ọjọ́ kẹta, alábẹ̀wò dé. Obìnrin kúkurú ni, tó ń gbé omi mímu tirẹ̀ káàkiri, tí kì í gba ife lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó fi ìka yan orúkọ kan nínú àwọn méjìdínlógójì. Ọmọbìnrin tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Lọ́yà ló bọ́ sí. Wọ́n mú un wọ ọ́fíìsì. Ọ̀gá wà níbẹ̀, èmi wà níbẹ̀, àǹtí mi dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Ta ló sọ èsì yìí fún ọ?" alábẹ̀wò béèrè.

"Kò sí, mà. Mo ká a ni."

"O ká kí ni?"

"Ìwé ìbéèrè, mà. Ọgọ́rùn-ún ni."

Ọ̀gá fò sókè. "Ẹ gbọ́! Ta ló fún ọ ní ọgọ́rùn-ún?"

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí ọmọ sọ̀rọ̀," alábẹ̀wò ní.

Lọ́yà mú ìwé kan lórí tábìlì. "Ẹyọ kan lèyí, mà. Ṣùgbọ́n a máa ń sọ pé a ti gé e sí wẹ́wẹ́ ọgọ́rùn-ún." Ó ká a. "Ìdajì nìyí: àádọ́ta, 0.50." Ó tún un ká. "Ìdá mẹ́rin: mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, 0.25. Ibẹ̀ ni Àǹtí fi ìwé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bá wa dé. Ìdánwò wá béèrè ìdá mẹ́jọ, ni mo bá tún un ká."

"Ó wá di mélòó?"

"Méjìlá àti ààbọ̀, mà. Ẹ̀yin náà ẹ ká a wò."

Alábẹ̀wò ká a lóòótọ́.

"Tí mo bá ní ìdá mẹ́rìndínlógún ńkọ́?"

Ìyẹn kò sí nínú ìdánwò. Ọmọ náà ká ìwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ká ètè pọ̀, ó kọ 0.06¼. Alábẹ̀wò ní kó jókòó síbẹ̀, kó má jáde. Ó pe ọmọ mẹ́ta mìíràn wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó bi wọ́n ní ohun kan náà, kò sì jẹ́ kí èyí tó ti dáhùn bá èyí tó kàn sọ̀rọ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká ìwé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ 0.06¼.

"Ọ̀gá," alábẹ̀wò wí, "ta ló wá jí ìbéèrè tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú kàn yìí?"

Ọ̀gá ń nu awò ojú rẹ̀.

Àǹtí mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. "Àṣìṣe yẹn, tèmi ni, mà. Mo sọ fún wọn pé ẹyọ kan jẹ́ ọgọ́rùn-ún wẹ́wẹ́. N ò tíì sọ fún wọn pé wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan tún ṣeé gé sí mẹ́wàá, tí ààbọ̀ rẹ̀ á fi di márùn-ún, tí èsì á fi di 0.125. Ìdánwò ló dé bá mi lójú ọ̀nà."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Nígbà tí alábẹ̀wò lọ tán, ọ̀gá fa ìwé kan yọ. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀: *Mo ṣèlérí pé irú èyí kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́.*

"Ẹ kàn bá mi buwọ́ lù ú, màmá, ká lè gbàgbé ẹ̀."

"Ohun tí n ò ṣe, báwo ni n ó ṣe ṣèlérí pé n ò ní ṣe é mọ́?"

"Ọ̀rọ̀ orí ìwé lásán ni."

"Tó bá jẹ́ lásán, ẹ buwọ́ lù ú fúnra yín. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ tèmi fún mi."

Ó kọ ọ́, pẹ̀lú ìmí ẹ̀dùn: *A kò rí ẹ̀rí kankan lòdì sí olùkọ́ yìí.* Àǹtí mi kà á, ó dá a padà sórí tábìlì.

"Ẹni tó kọ èyí ṣì ń wá a. Ẹ kọ ọ́ pé n ò ṣe é."

Ọ̀gá tún un kọ. Obìnrin náà kà á lẹ́ẹ̀mejì lórí ìdúró, ó ní kó lu òǹtẹ̀ sí i, ó sì ní kó wá kà á fún gbogbo yàrá olùkọ́. Ọ̀gá kà á bí ẹni tó ń gbé oògùn kíkorò mì. Olùkọ́ kíláàsì kejì ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Àǹtí mi kò wo ibi tó wà. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọjá lọ sí kíláàsì rẹ̀, ariwo àwọn ọmọ sì gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Lẹ́yìn tí iléèwé parí, mo dúró dè é lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Iṣẹ́ mi ni mo ṣe."

"O rí èsì kan náà lọ́wọ́ ọmọ méjìdínlógójì," ó ní, "o ò bi ẹyọ ọ̀kan. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá lo gbà lọ. Inú ilé kan náà la jọ sùn."

Nígbà tí a délé, ó sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé kí n wá yàrá mìíràn. Ọkọ rẹ̀ gbé ìfági rẹ̀ sílẹ̀, ó wá bá mi bẹ̀ ẹ́.

"Ìyàwó, jọ̀ọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ni."

"Mo mọ̀," ó ní. "Ìdí nìyẹn tí mo fi fún un láyè di ìparí oṣù."