Ohùn Ìyá Aili Nínú Díìsìkì Kejì

Ọkọ̀ tó ń gbá yìnyín kúrò lójú pópó ni Reino Kangas ń wà nílùú Duluth yìí, ní Amẹ́ríkà, kó tó fẹ̀yìn tì. Ilé rẹ̀ ló kángun sí tèmi. Ọkùnrin náà ò lè jókòó jẹ́ẹ́ láéláé. Linux, ètò tó ń darí ẹ̀rọ, ló gbé sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì ki díìsìkì kejì tí yóò máa kó nǹkan pamọ́ sí bọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá tan ẹ̀rọ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí díìsìkì yẹn. Ìyẹn ń bí i nínú gan-an.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ṣe fódà tí díìsìkì náà yóò máa jókòó sí kí ohun inú rẹ̀ lè hàn, ó sì kọ àṣẹ tí ẹ̀rọ yóò máa fi ṣí i fúnra rẹ̀ bó bá ti ń jí. Ìwàǹwára ò jẹ́ kó kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ náà kó tún un tàn. Ojú ẹsẹ̀ ló kó ohùn ìyá ìyàwó rẹ̀, tó gbà kúrò lórí kásẹ́ẹ̀tì, sínú fódà yẹn, ó sì pa èyí tó wà níbòmíì rẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì ọ̀hún ti já. Ìyá náà sì ti kú tipẹ́.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá tún ẹ̀rọ tàn. Díìsìkì kejì ṣí fúnra rẹ̀, Reino bá pe èmi àti ìyàwó rẹ̀.

"Aili, wá wo iṣẹ́ ọkọ rẹ! Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan o!"

Aili ṣí fódà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Reino, ohùn ìyá mi dà?"

"Ibẹ̀ náà ni mo kó o sí."

"Ibẹ̀ wo? Ṣé ojú mi ló fọ́ ni? Ọ̀gbẹ́ni mo-mọ̀-ọ́n-tán, ṣebí mo ní kó o fi í sílẹ̀ bó ṣe wà!"

Kí n má purọ́, inú bí èmi náà sí Reino.

Reino fọwọ́ lérán, ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Lójijì ló bú sẹ́rìn-ín.

"Kò sọnù! Díìsìkì kejì ò tíì dé inú fódà nígbà tí mo kó o síbẹ̀, orí díìsìkì àkọ́kọ́ ló bọ́ sí. Nígbà tí díìsìkì kejì wá dé, ńṣe ló dà bí ẹní tí mo tẹ́ lé e lórí."

Ó fi àṣẹ yọ díìsìkì kejì kúrò nínú fódà náà. Gbogbo rẹ̀ pé síbẹ̀.

"Orí yọ ẹ́," ni Aili wí, ó gbá a léjìká. "Tàn án kí n gbọ́."

A gbọ́ ìró abọ́, lẹ́yìn náà la gbọ́ ohùn ìyá Aili.

"Aili! Kọfí ti hó o. Ibo lo wọlẹ̀ sí?"

"Mo ń bọ̀, Màmá," ni Aili dáhùn. Ó ti dìde dúró kó tó rántí.